Midland WR120: rédíò tí ń jí ni kí tọ̀nédò tó dé

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ní Oklahoma, Texas, Kansas, Alabama, Mississippi, Tennessee tàbí ibikíbi ní Amẹ́ríkà tí tọ̀nédò, ìjì líle tó ń yí bí ọ̀wọ̀n láti inú àwọsánmà dé ilẹ̀, ti máa ń jà, tí kò sì sí rédíò ojú-ọjọ́ nínú ilé yín, ẹ lọ ra ọ̀kan. Midland WR120 ni a fẹ́ yẹ̀ wò níbí. Ó wọ́pọ̀ lórí àtẹ, owó rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín dọ́là 30 sí 40, iṣẹ́ tí wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe é, ó ń ṣe é dáadáa. Àmọ́ ẹ̀rọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń rà, ká kàn so ó mọ́ iná, ká gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, yóò máa jí yín lóru nítorí òjò tó ń rọ̀ ní ìlú tó jìnnà sí yín. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mẹta á yọ ọ́ kúrò lára iná, alẹ́ tí ewu gidi bá sì dé, inú dúrọ́ọ̀ ni rédíò wà. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wa fi dá lórí bí a ṣe ń tò ó.

Tọ̀nédò ń bani lẹ́rù, ó sì ń wu ojú wò. Àwọn tó ń ki Ọya ti mọ̀ pé ohun kan náà lè ṣe méjèèjì: ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ tí ń dági lókè ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi orúkọ yẹn yìn ín. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Ṣakí mọ ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò tí ń ti ìlà-oòrùn bọ̀. Eruku á kọ́kọ́ dé, ojú ọ̀run á ṣú dùdù, páànù á máa fò, òjò á wá tẹ̀lé e. Ìjì yẹn ń wó ilé, ó ń wó igi, ṣùgbọ́n ọ̀kánkán ni atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́, a sì máa ń rí i kó tó dé. Ìmọ̀ yìí ló ń tan àwọn èèyàn wa jẹ bí wọ́n bá dé Dallas tàbí Oklahoma City. Wọ́n gbà pé ojú lè kìlọ̀ fún wọn, wọ́n á sì jáde sí báńkóńì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ láti ya fídíò.

Ojú kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Tọ̀nédò tó burú jù máa ń jáde láti inú àwọsánmà àrá ńlá tí gbogbo ara rẹ̀ ń yí, èyí tí wọ́n ń pè ní supercell. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ọlọ́rinrin ń ti ìhà Gulf of Mexico wá sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń ti ìwọ̀-oòrùn gun orí rẹ̀, atẹ́gùn ojú ilẹ̀ àti ti òkè kò sì dojú kọ ibì kan náà. Yíyí yẹn ló ń bẹ̀rẹ̀ lókè kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà òjò ti bo ọ̀wọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohun tí ẹ máa rí kò ju òkùnkùn tó ń sún mọ́ yín. Èyí tó jà ní El Reno, Oklahoma, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2013, fẹ̀ tó máìlì 2.6. Tim Samaras, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí tọ̀nédò, kú níbẹ̀ pẹ̀lú Paul ọmọ rẹ̀ àti Carl Young ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí ojú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá tó o, ta ni tirẹ̀ máa tó o láti orí báńkóńì?

Ẹ̀rọ kékeré yìí ń fi etí rọ́pò ojú. Iléeṣẹ́ ojú-ọjọ́ ìjọba àpapọ̀, National Weather Service, ní òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tó lé ní 1,000 káàkiri Amẹ́ríkà. Ìkànnì méje péré ni gbogbo wọn ń pín lò: 162.400, 162.425, 162.450, 162.475, 162.500, 162.525 àti 162.550 MHz. Rédíò inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò lè gbọ́ wọn, nítorí FM parí sí 108. Tọ̀sán-tòru ni ohùn kọ̀ǹpútà ń ka ìròyìn ojú-ọjọ́ lórí wọn. Bí ewu bá dé, òpó náà á kọ́kọ́ rán kóòdù jáde, ariwo ṣókí kan tó sọ irú ewu tó jẹ́, káńtì (ìpín ìjọba ìbílẹ̀ nínú ìpínlẹ̀) tó kàn, àti ìgbà tí ìkìlọ̀ náà máa parí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń rán an kí ẹ̀rọ má bàa ṣì í gbọ́. Ohùn gígùn kan á tẹ̀lé e ní 1050 Hz fún ìṣẹ́jú-àáyá 8 sí 10, kó tó wá kan ọ̀rọ̀ ẹnu. WR120 á dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yín ní gbogbo àkókò yẹn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ kóòdù. Bí káńtì yín bá wà nínú rẹ̀, á ké. Bí kò bá sí níbẹ̀, á máa dákẹ́ lọ. SAME ni wọ́n ń pe ètò kóòdù yìí, ó sì yẹ kí ẹ wá ọ̀rọ̀ náà lára páálí kí ẹ tó sanwó. Rédíò ojú-ọjọ́ tí kò ní SAME kò yẹ fún yàrá tí a ń sùn, torí gbogbo ìkìlọ̀ tí òpó bá rán jáde ló máa ké fún.

Ẹ lè ní fóònù yín ń ké náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 2012 ni ìkìlọ̀ ìjọba ti ń wọ orí fóònù ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ìdí kankan láti pa á. Ó tilẹ̀ ní ibi tó ti dára ju rédíò lọ, a ó sọ ọ́ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bátìrì fóònù a máa kú. Fóònù a máa wà ní pálọ̀ níbi tó ti ń gba iná, nígbà tí gbogbo ilé ń sùn lókè. Ìjì sì lè wó òpó nẹ́tíwọ̀kì kó tó dé àdúgbò yín. Fèrè ńlá tó ń dún láàárín ìlú ńkọ́? Àwọn tó wà níta ni wọ́n torí wọn gbé e kọ́. Nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ tì pa, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn, tí òjò sì ń lu òrùlé, ẹ lè má gbọ́ ọ rárá.

Òru ni ẹ̀rọ yìí ti ń san owó rẹ̀ padà. Ní àgbègbè Cookeville, Tennessee, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2020, tọ̀nédò EF4, ìpele kejì sí èyí tó lágbára jù lórí òṣùwọ̀n tọ̀nédò, wọ àdúgbò kí aago méjì òru tó lù. Èèyàn 19 ló kú. Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó dé Mayfield ní Kentucky ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2021, ilẹ̀ sì ti ṣú kí ó tó dé Rolling Fork ní Mississippi ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 2023. Ẹ kíyè sí i pé oṣù Kejìlá wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé oṣù Kẹrin àti Karùn-ún nìkan ni àkókò tọ̀nédò, wọ́n á sì yọ rédíò kúrò lára iná bí ẹ̀ẹ̀rùn Amẹ́ríkà bá dé. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì 2015, EF4 jà ní Garland àti Rowlett, ní àgbègbè Dallas tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, ó sì pa èèyàn 10. Púpọ̀ nínú wọn wà nínú ọkọ̀ lójú títì márosẹ̀. Ẹ jẹ́ kí rédíò wà lára iná láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá.

Ẹ wá jẹ́ ká tú páálí. Rédíò wà níbẹ̀, wáyà tí a fi ń so ó mọ́ iná wà níbẹ̀, ìwé ìtọ́nisọ́nà náà wà níbẹ̀. Bátìrì ni kí ẹ rà sílẹ̀: AA mẹ́ta, oríṣi alkaline. Ẹ má fi èyí tí a ń gba iná sí sínú rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà kì í gba iná sí bátìrì. Iná ilé ni oúnjẹ rẹ̀. Bátìrì wà fún ìgbà tí iná bá lọ, ìgbà yẹn gan-an sì ni ìjì máa ń wà nítòsí. Rédíò tí kò ní bátìrì nínú á kú ní ìṣẹ́jú tí wáyà bá já lójú títì, nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ẹ máa pààrọ̀ bátìrì náà lọ́dọọdún bí wọn kò tilẹ̀ tíì kú, torí alkaline tó bá pẹ́ a máa jò, omi rẹ̀ á sì jẹ irin inú ẹ̀rọ.

Àwọn bọ́tìnì rẹ̀ kò pọ̀: MENU, SELECT, ọfà mẹ́rin, àti ọ̀pá gbọọrọ orí rẹ̀ tí wọ́n kọ WEATHER/SNOOZE sí. Bí rédíò bá ń ké, ọ̀pá yẹn lẹ máa tẹ̀ láti pa ariwo kí ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí ewu kò sí, aago ló wà lójú rẹ̀. Ó ní iná kékeré mẹ́ta. Pupa wà fún Warning, ìyẹn ni pé ewu ti dé tàbí ó ti fẹ́ dé, ẹ dìde. Ọsàn wà fún Watch, ìyẹn ni pé ojú-ọjọ́ ti pé fún un, kò sí èyí tó tíì jà, ẹ wà ní ìmúrasílẹ̀. Yẹ́lò wà fún àwọn ìkìlọ̀ tó fúyẹ́ ju ìwọ̀nyí lọ. Àwọ̀ mẹ́ta yìí ni a fẹ́ràn jù lára ẹ̀rọ náà, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Títò rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin tí ó ti máa ń wọ́. Àkọ́kọ́ ni ìkànnì. Ẹ tẹ WEATHER, kí ẹ gbọ́ méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan nínú menu. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á yan èyí tó dún jù. Òpó tó dún jù lè jẹ́ ti ọ́fíìsì míràn tí kì í ké ìkìlọ̀ fún káńtì yín rárá. Ní àgbègbè Dallas, òpó tó ń jẹ́ KEC56 wà ní 162.400, ti Fort Worth, KEC55, wà ní 162.550, ẹni tó ń gbé láàárín ìlú méjèèjì lè gbọ́ àwọn méjèèjì ketekete. Ní Houston, KGG68 wà ní 162.400. Ẹ wọ ojú-ewé NOAA Weather Radio, orúkọ tí wọ́n ń pe ètò àwọn òpó National Weather Service yìí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ìpínlẹ̀ yín, ẹ ó rí àtẹ tó sọ òpó tó ń sìn káńtì kọ̀ọ̀kan àti kóòdù káńtì náà. Èyí ni kí ẹ tẹ̀ lé, kódà bí kò bá dún tó ti aládùúgbò rẹ̀.

Ìkejì ni káńtì, ibẹ̀ sì ni oorun yín wà. WR120 ń bi yín bóyá ẹ fẹ́ SINGLE, MULTIPLE tàbí ANY. ANY ló ti ilé-iṣẹ́ wá pẹ̀lú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kó máa ké fún gbogbo káńtì tí òpó náà ń sìn, èyí tó lè ju mẹ́wàá lọ. Ẹ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Ẹ ó yan ìpínlẹ̀, ẹ ó wá yan káńtì nínú àtẹ tó wà nínú ẹ̀rọ, kò pọn dandan kí ẹ tẹ nọ́ńbà. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ tẹ nọ́ńbà, mẹ́fà ni: òdo, nọ́ńbà méjì ti ìpínlẹ̀, mẹ́ta ti káńtì. Dallas County jẹ́ 048113, Tarrant 048439, Harris ní Houston 048201, Fort Bend 048157, Oklahoma County 040109, Cleveland County tí Moore àti Norman wà 040027, Fulton ní Atlanta 013121.

Ẹ̀rọ náà lè gba káńtì 25. Ẹ má kún un. Káńtì tí ẹ ń gbé ló kọ́kọ́ yẹ kó wọlé, lẹ́yìn náà ẹyọ kan tàbí méjì tí ìjì fi ń gba ọ̀dọ̀ wọn wá bá yín. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àárín Amẹ́ríkà, tọ̀nédò sábà máa ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn lọ sí àríwá-ìlà-oòrùn. Ẹni tó ń gbé ní Moore yóò fi McClain (040087) àti Grady (040051) kún ti Cleveland. Tọ̀nédò ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2013 fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́bàá Newcastle ní McClain ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ọ̀sán, kó tó wọ Moore lẹ́yìn aago mẹ́ta, ó sì pa èèyàn 24, ọmọ ilé-ìwé méje wà nínú wọn. Ìkìlọ̀ ti jáde ní ìṣẹ́jú 16 kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ìṣẹ́jú 16 ti dára gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju 10 sí 15 lọ, àwọn tọ̀nédò kan sì ń jà kí ìkìlọ̀ kankan tó jáde. Káńtì kan ṣáájú tiyín lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn náà sì ni ẹ fi ń gbé ọmọ tó sùn.

Ìkẹta ni bó ṣe ń ké. Ó lè sọ̀rọ̀, ó lè ké, ó sì lè kàn kọ ọ́ sójú rẹ̀ láìpariwo. Yàrá ibùsùn kò ní ohun tó ń fi èyí tí kò pariwo ṣe. Ẹ fi sí TONE bí ẹ bá jẹ́ olóorun wúwo, tàbí VOICE bí ẹ bá tètè ń jí, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé ohùn rẹ̀ lọ sókè. Fún ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a lè so iná tó ń bù yẹ̀rì tàbí ẹ̀rọ tó ń mi bẹ́ẹ̀dì mọ́. Kò wá nínú páálí, ẹ máa rà á lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bí bàbá àgbà bá wà nínú ilé, owó yẹn kò ṣòfò.

Ìkẹrin ni ibi tí ẹ gbé e sí. Òpó kọ̀ọ̀kan ń dé nǹkan bíi máìlì 40, òkè àti ilé gíga sì ń dí i lọ́wọ́. Ẹ fa áńtẹ́nà rẹ̀ gùn tán, kó dúró ṣánṣán, kí ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé tó dojú kọ ọ̀nà òpó náà. Ẹ má gbé e ti ẹ̀rọ Wi-Fi, tẹlifíṣọ̀n tàbí gílóòbù LED tí kò ní láárí, torí wọ́n ń kùn sínú ìgbì rẹ̀. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ àti ilé tí irin pọ̀ lára rẹ̀ kì í gbọ́ dáadáa. Ihò áńtẹ́nà ìta wà lára rẹ̀ fún irú ibẹ̀. Ohùn kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Bó bá ń ya kíríkírí, ẹ̀rọ lè má gba kóòdù, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ tí kò fi ní ké.

Ìdánwò wà fún èyí. Ní ọjọ́ọjọ́ Wẹsidé, sábà láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán, òpó ń rán ìdánwò ọ̀sẹ̀ jáde, REQUIRED WEEKLY TEST á sì yọ lójú rẹ̀. Bí ojú-ọjọ́ bá burú lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń sún un síwájú kí èèyàn má bàa dààmú. Bí Wẹsidé méjì bá kọjá láìsí nǹkan kan lójú rẹ̀, tí oòrùn sì ràn lọ́jọ́ méjèèjì, ìkànnì tàbí káńtì kò tọ̀nà, tàbí áńtẹ́nà kò gbọ́. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a kò fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé káńtì ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2007 ni National Weather Service ti ń ya àwòrán onígun lórí máàpù fún ìkìlọ̀ tọ̀nédò, èyí tó lè bo igun káńtì kan ṣoṣo. Kóòdù inú rédíò kò mọ igun yẹn. Ẹni tó ń gbé ní Katy, ní ìwọ̀-oòrùn Harris County, á jí nítorí tọ̀nédò tó ń lọ ní Baytown ní ìlà-oòrùn káńtì kan náà. Níbí ni fóònù ti borí, torí ó mọ ibi tó wà. Bí rédíò bá jí yín, ẹ tẹ́tí sí orúkọ ìlú tí ohùn náà ń pè, tàbí kí ẹ wo fóònù láti mọ̀ bóyá ẹ wà nínú àwòrán náà. Fún káńtì ńlá, àléébù yìí kò kéré, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, jíjí láìnídìí sàn ju kí a má jí lọ.

Àwọn kan tún ń fẹ́ pa gbogbo ìkìlọ̀ tó kù kó ku ti tọ̀nédò nìkan. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá á sọ èyí tó ṣe é pa, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan Severe Thunderstorm Warning. Ó ń jáde bí atẹ́gùn bá lè tó 58 máìlì ní wákàtí kan, tàbí bí yìnyín bá lè tóbi tó ínǹṣì kan, tọ̀nédò sì lè jáde láti inú irú ìjì bẹ́ẹ̀ lójijì. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2024, atẹ́gùn ọ̀kánkán tó tó 100 máìlì ní wákàtí kan ló fọ́ fèrèsé àwọn ilé gíga àárín Houston, ó sì pa iná mọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ilé àti ṣọ́ọ̀bù lójú. Ìjì tí àwọn ará ilé mọ̀ dáadáa ni irú èyí, kò sì nílò kó yí kó tó pààyàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn màmá tó wá wẹ ọmọ ṣe pàtàkì sí wa. Màmá ti ti Abẹ́òkúta tàbí Oǹdó dé, òun àti ìkókó nìkan ló wà nílé lọ́sàn-án, ọkọ àti ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́. Ohùn kọ̀ǹpútà tó ń sáré ka orúkọ káńtì lédè òyìnbó Amẹ́ríkà kò ní yé e, ẹni tó gbọ́ òyìnbó dáadáa náà ń sapá. Àwọ̀ iná ló máa yé e. Ẹ fi hàn wọ́n nígbà tí ojú-ọjọ́ dára: "Màmá, bí ẹ bá gbọ́ ariwo yìí, tí ẹ rí iná pupa, ẹ gbé ọmọ, ẹ wọ ibí yìí, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ tó pè wá." Kí ẹ mú wọn dé ibi náà gan-an, kí wọ́n jókòó síbẹ̀ wò. Kí wọ́n mọ̀ pé bí iná bá jẹ́ ọsàn, kò sí ìdí láti sá, kí wọ́n kàn wọ bàtà, kí wọ́n má jìnnà sí ọmọ. Kò sí fóònù tó ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà.

Ibi náà sì gbọ́dọ̀ ti wà kí rédíò tó ké. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló dára jù, ṣùgbọ́n ilé Texas àti Oklahoma púpọ̀ kò ní in. Ẹ wá yàrá inú lọ́hùn-ún, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí kò ní fèrèsé: ilé ìwẹ̀, ibi ìkáṣọ sí, abẹ́ àtẹ̀gùn. Ògiri púpọ̀ ni ẹ fẹ́ kó wà láàárín yín àti ìta. Ẹ kó bàtà, tọ́ọ̀ṣì àti akoto síbẹ̀. Akoto kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ tó, torí ohun tó ń fò ló ń pa èèyàn jù. Ẹ fi mátírẹ́ẹ̀sì bo àwọn ọmọ. Ẹni tó ń gbé ní àjà kẹta nínú àpátímẹ́ǹtì kó ti bá aládùúgbò ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹni tó ń gbé nínú mobile home, ilé tí wọ́n fi ọkọ̀ wọ́ wá sórí ilẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró de iná pupa. Iná ọsàn ni kó fi kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé tó ní ìpìlẹ̀. Ẹ má ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà gbà. Àròsọ àtijọ́ ni, kò ṣe ilé lóore kankan. Bó bá sì bá yín lójú títì, abẹ́ afárá kì í ṣe ibi ìsádi. Lọ́jọ́ tí tọ̀nédò Bridge Creek àti Moore jà ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1999, tí rédà wọn atẹ́gùn rẹ̀ ó lé ní 300 máìlì ní wákàtí kan, èèyàn mẹ́ta kú lábẹ́ afárá, torí atẹ́gùn ń yára sí i bó bá ń gba ibi tóóró kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, WR400 ní AM àti FM, owó rẹ̀ sì ga sí i. Fún yàrá ibùsùn kan, a kò rí ìdí láti ná owó yẹn. Rédíò alápò tí a ń fi ọwọ́ yí dára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí iná bá lọ, kí ẹ fi kún un, ẹ má fi rọ́pò. Púpọ̀ nínú wọn kò ní SAME. Àwọn tó ń rò pé àwọn á fi WR120 ránṣẹ́ sí òbí wọn ní Nàìjíríà tàbí ẹ̀gbọ́n wọn ní London, kí wọ́n fi owó náà ra nǹkan mìíràn. Àwọn òpó National Weather Service kò dé ibẹ̀, aago lásán ló máa jẹ́ lórí tábìlì.